Bí Wọ́n Ṣe Ṣí Ìpà Ọdẹ́níyì Lójú Ayé Rẹ̀

Ẹ̀yin tí òjò kó wọ abẹ́ ahéré mi, ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ bu ẹ̀gúsí díẹ̀ kí ó máa bá mi bó o. Òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀, èmi náà kò sì lè jókòó ti ènìyàn púpọ̀ báyìí kí n pa ẹnu mọ́. Mo ní ìtàn kan fún yín. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ lè fi ẹ̀rín lọ sílé, ẹ wá gba ahéré yìí lọ́wọ́ mi.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi ni mo ń fi etí ọ̀tún gbọ́ ìrìn àgbọ̀nrín, tí mo ń fi ti òsì gbọ́ ohun tí ó ń rò. Èmi ni ẹfọ̀n rí lójú ọ̀nà oko tí ó ní òun kò bá tìjà wá, òun kàn ń kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ti òní kì í ṣe tèmi. Ti ọkùnrin kan ni, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sin nígbà tí ó ṣì ń jẹ iyán. Ó korò. Ewúro náà korò, a sì ń jẹ ẹ́ nítorí inú.

Ọdẹ́níyì ni orúkọ ọkùnrin náà, ọdẹ ìlú Òkè-Ahun. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí ni àwọn àlejò kan tẹ̀dó sí láti ayébáyé, ní abúlé tí a ń pè ní Ẹlẹ́pàá. Baálẹ̀ ìjọ́un ló fún bàbá wọn ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún: iṣu, ẹ̀pà, àti àgbò kan. Kò sí ìjà. Ìgbà tí Adéṣọkàn jẹ baálẹ̀ ni ojú rẹ̀ wọ ilẹ̀ Ẹlẹ́pàá, nítorí ilẹ̀ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ilẹ̀ tí a ti fi tọrẹ kò sì ṣeé gbà padà láìnídìí. Baálẹ̀ wá ìdí.

Ó pe Olúọdẹ, Bánjókò, ó ní kí ó mú àwọn tí ó lè pa ẹnu mọ́. Ọdẹ mẹ́fà ni wọ́n, pẹ̀lú Olúọdẹ fúnra rẹ̀. Baálẹ̀ ní, "Àká oúnjẹ wọn nìkan ni kí ẹ jó. Ẹ má fọwọ́ kan ènìyàn. Ebi ni yóò bá wa lé wọn." Ọyẹ́ ni, koríko ti gbẹ kárákárá. Iná kò jẹ́ kí wọ́n rán òun níṣẹ́ ààbọ̀. Ó jẹ àká tán, ó fo orí ilé kan, ó sì bá bàbá arúgbó kan tí kò ríran nínú yàrá, bàbá obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọyáfúnkẹ́. Bàbá náà kò jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ó ní àwọn ará Ẹlẹ́pàá ló ń fi iná dẹ eku. Ó ní àṣà Òkè-Ahun ni pé ẹni tí ó bá dáná sun ìgbẹ́ lọ́yẹ́, ilẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Kí wọ́n máa lọ.

Ọyáfúnkẹ́ dúró sí àárín àgbàlá, eérú ṣì wà lára gèlè rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń wo àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń wá nǹkan tí ó sọ nù. Nígbà tí ojú rẹ̀ kan Ọdẹ́níyì, Ọdẹ́níyì dìde.

Ó ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Iná yẹn kì í ṣe iná eku. Àwọn ọdẹ ló dá a."

Ó dárúkọ Olúọdẹ. Ó dárúkọ mẹ́rin mìíràn. Ó sì jókòó.

Mo gbọ́ ẹni tó ń bi mí pé ta ni ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Máa bó ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ.

Baálẹ̀ kò bínú. Àwọn tí wọ́n mọ ìkà í ṣe kì í bínú. Ó mi orí, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ọyẹ́ ti wọ ọmọ yìí lágbárí, ó ń sọ ìsọkúsọ fún wa." Ó yíjú sí Olúọdẹ. "Bánjókò, ọdẹ tí ó bá tú àṣírí ẹgbẹ́, kí ni ẹ máa ń ṣe fún un?"

Olúọdẹ, tí òun àti Ọdẹ́níyì ti jọ jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré, wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ti kú lójú wa nìyẹn, Baálẹ̀."

"Ẹ sin ín nígbà náà. Ṣé òkú rẹ̀ ló yẹ kó máa rùn sí wa nílùú?"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìpà ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, a kì í sin ín bí ẹni sin àgbẹ̀, nítorí igbó ti mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a gbẹ́ ère kan, wọn a wọ gbérí rẹ̀ sí i lọ́rùn, ẹ̀wù tí ó fi ń ṣọdẹ, wọn a sì sun ìrèmọ̀jé, ohùn arò tí ọdẹ fi ń sin ọdẹ. Wọn a gbé ère náà wọgbó, wọn a fi sílẹ̀ síbẹ̀. Okùn já nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ dáhùn.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Ọdẹ́níyì nìyí lójú ara rẹ̀. Wọ́n yọ gbérí rẹ̀ lára èèkàn tí ó fi kọ́, wọ́n kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni kọjá níwájú ògiri. Ó tẹ̀ lé wọn títí dé etí igbó, ó ń gbọ́ oríkì ara rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, nítorí wọ́n sun ìrèmọ̀jé náà dáadáa.

Ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jáde láàárọ̀, tí ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," àwọn tó ń ṣiṣẹ́ á máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ó bá dé ibi odò, obìnrin á gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò láìwo ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ni wọ́n wọ aṣọ opó fún, wọ́n ní kí ó jókòó ṣọ̀fọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Aṣọ opó náà ni Àwẹ̀ró wọ̀ tí ó ń gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀.

Bí ènìyàn bá ń kí ayé tí ayé kò jẹ́ ẹ, ní ọjọ́ kan ìkíni náà á padà wọ inú rẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́. Ọdẹ́níyì kò sùn mọ́. Òórùn iṣu sísun a máa lé e jáde kúrò nínú ilé. Ó lè jókòó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, kó má rántí bóyá ńṣe ni òun fẹ́ wọ̀ ọ́ ni tàbí òun fẹ́ bọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan ó na ọwọ́ sí Àwẹ̀ró, ó ní, "Fi ọwọ́ kàn án. Ṣé o rí i? Ṣé mo ṣì wà?"

Àwẹ̀ró di ọwọ́ náà mú. Ó ní, "Ọkọ mi, ó rẹ̀ mí láti máa sunkún ẹni tí ń jẹ ẹ̀kọ mi. Wọ́n ní ẹ ti ya wèrè. Mo ti bá wèrè gbé rí, bàbá tó bí mi lọ́mọ ya wèrè. Kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá òun ṣì wà. Ẹ lọ gba ẹ̀wù yín. Bí òjò mẹ́ta bá pa aṣọ náà mọ́ ère lára, ó di tirẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì kú lóòótọ́. Òjò kan ti rọ̀."

Ó di ẹ̀kọ àti epo fún un. Ọdẹ́níyì wọ igbó.

Igbó Àìdáhùn ni orúkọ igbó náà. Bí ẹ bá kígbe níbẹ̀, igbe yín kì í padà wá. Ó dé ìdí igi ayùnrẹ́ tí wọ́n gbé ère rẹ̀ tì, kò bá ère. Ojú ẹsẹ̀ ló bá: ẹsẹ̀ igi tí kò ní ìka, tí ó wọlẹ̀ ṣinṣin bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ. Ó tẹ̀ lé e. Ẹ má bi mí iye ọjọ́ tí ó rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, igbó náà ṣì wà níbẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà ti há ni iwin kan jókòó sí. Ojú rẹ̀ dán bí ìdí igbá, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ìpàkọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí i, ọ̀rọ̀ á jáde, ènìyàn kò ní rí ojú ẹni tí ó sọ ọ́. Afìpàkọ́sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo gbọ́ pé ó ti ṣe agbẹnusọ fún ọba mọ́kànlélógún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kábàámọ̀ rẹ̀.

Iwin kọ ẹ̀yìn. Ó ní, "Ìwọ òkú yìí, níbo lò ń lọ?"

"Èmi kì í ṣe òkú."

"Bí òkú tuntun ti máa ń wí nìyẹn. Ó máa mọ́ ẹ lára. Dá mi lóhùn, kí o kọjá: kí ni ohun tí a fi ọwọ́ ara wa sọ, tí a wá ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e dé ibẹ̀?"

Ọdẹ́níyì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó mọ̀ ọ́n kí iwin tó sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ìyẹ́ ni. Ìyẹ́ adìẹ."

Afìpàkọ́sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín títí àwọn ẹyẹ fi fò lórí igi. "Kọjá. Ọ̀nà mi kì í há mọ́ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ìdáhùn rẹ̀ pamọ́ á bá mi ru ẹrù." Ó na ọwọ́, ó gbé nǹkan lé Ọdẹ́níyì lórí. Ojú kò rí nǹkan náà, ọwọ́ kò sì lè sọ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ìdì igi tútù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹrù tí ó burú jù láyé nìyẹn. Ẹni tí ó ru igi, a máa kí i pé ó kú ẹrù, ọmọlúwàbí á yà fún un lọ́nà. Ẹni tí ó ru irú èyí, bí ó bá jókòó sinmi, ọ̀lẹ là ń pè é. Èmi tí mo gbé odindi ìmàdò láti Òkè-Ìrẹ̀ wálé láìsọ̀, mo ti ru irú ẹrù yẹn rí, ní ọdún tí ìyàwó mi kú. N kò lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ó rù ú dé odò kan tí kò ní omi. Eérú ló ń ṣàn nínú rẹ̀, eérú gbígbóná. Ó wọ ọ́ dé orúnkún, ó wọ ọ́ dé ọrùn. Àwọn ọwọ́ kan ń fà á nísàlẹ̀, wọn kò fà á bí ọ̀tá. Bí arúgbó tí ń wá ọ̀nà ni wọ́n ń táràrà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ń já wọn kúrò, ó ń pariwo pé, "Kì í ṣe èmi, kì í ṣe èmi." Gbogbo ìgbà tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, odò náà á fi ìka kan jìn sí i. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ kún fún eérú tí kò lè sọ ọ́ mọ́ ló tó rí ilẹ̀ tẹ̀ gòkè. Níbẹ̀ ni òjò kejì ti bá a.

Ìlú tí ó wà ní òkè odò mọ́ tónítóní. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú. Ọba wọn, Atunilára, wá pàdé Ọdẹ́níyì fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí. Ó wo ọkùnrin eléérú yìí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ó mà ti rẹ̀ ẹ́ o."

Ó ti tó oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọdẹ́níyì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Atunilára gbé igbá omi kan fún un. "Mu ún. Ohun tó ń jó nínú rẹ á kú. O ò ní gbóòórùn kankan mọ́. Wàá sùn lónìí bí ọmọ ọwọ́."

"Kí ni ẹ máa gbà?"

"Kò sí. Àwọn baálẹ̀ ayé ló ń bá mi pọnmi kún àmù yìí. Wọ́n láàánú àwọn ènìyàn wọn. Ẹni tí kò bá lè gbàgbé, àwọn ló máa ń fi ránṣẹ́ sí mi."

Ọdẹ́níyì gbé igbá náà dé ètè. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó so ọ̀já mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Bí ó bá gbálẹ̀ díẹ̀, á dúró, á fi ọwọ́ gbá ọ̀já náà pẹ́pẹ́, á mira síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Ọdẹ́níyì bi í pé, "Ìyá, ọmọ dà?"

"Ọmọ wo?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mo kàn máa ń so ó ni. N ò mọ ìdí ẹ̀."

"Kí ló ṣe ọmọ rẹ̀?" Ọba ni Ọdẹ́níyì yíjú sí.

"Kò sóhun tó ṣe é. Ṣé o ò rí i ni? Ara rẹ̀ ti yá."

Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn àgbà kò tíì dé ìlú yẹn. Níbẹ̀, ẹni tó kó o ni wọ́n ń fún lómi mu.

Ọdẹ́níyì da omi náà sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ó dà á sí gbàgbé koríko rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó pá. Àwọn ará ìlú yí i ká, wọ́n sì lù ú. Wọ́n lù ú dé ojú ikú, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rín kúrò ní ẹnu rẹ̀. Ó fi eyín méjì sílẹ̀ fún wọn, ó bẹ́ odi, ó tún rí ojú ẹsẹ̀ igi náà níwájú, ó ń tẹ̀ lé e, ó ń tiro.

Ibẹ̀ ló gbà dé Ìlú Ère. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti ṣípà rẹ̀ láàyè rí ní gbogbo ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni ère rẹ̀ wà. Àwọn ère ló jókòó sórí àpótí. Àwọn ènìyàn tí wọ́n wá gba aṣọ wọn, tí wọn kò rí i gbà, àwọn ló ń gbálẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí iwájú. Ó ní, "Tìẹ wà lọ́hùn-ún. Ó sì lẹ́nu púpọ̀. Ọ̀rẹ́, má wulẹ̀ bá a jà. Èmi bá tèmi jà lọ́dún kìíní. Ní báyìí, aṣọ rẹ̀ ni mò ń fọ̀."

Ère Ọdẹ́níyì jókòó, ó wọ gbérí, ó ń ki ara rẹ̀ ní oríkì ilé Ọdẹ́níyì, ó sì mọ̀ ọ́n kì ju Ọdẹ́níyì lọ.

Ọdẹ́níyì ní, "Bọ́ ẹ̀wù mi."

"Ta ni ìwọ?"

"Èmi ni Ọdẹ́níyì."

"Irọ́ ńlá. Ọdẹ́níyì ni mí. Gbogbo ìlú ló pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi jáde. Ìwọ, ta ló pè ọ́ gbẹ̀yìn?"

Ọdẹ́níyì fò mọ́ ọn. Mo ti gbọ́ ìjà rí o, mo sì ti jà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú èyí. Ó gbá igi lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ìka ara rẹ̀ ló ń ṣẹ́. Ó gbé ère náà lulẹ̀, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló ń ro ó. Ó fún un lọ́rùn, ojú ara rẹ̀ ló ń ṣú. Wọ́n jà títí àwọn agbálẹ̀ fi padà sídìí iṣẹ́ wọn, nítorí wọ́n ti rí irú rẹ̀ púpọ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ère gorí àyà rẹ̀, ó fi àyà gbérí náà bò ó nímú.

"Gbóòórùn rẹ̀."

Èéfín ni. Èéfín ṣì wà nínú òwú náà lẹ́yìn òjò méjì.

Ère ní, "O lọ dúró láàárín ìlú, o dárúkọ márùn-ún. Akọni. O wá jókòó. Ta ló wọ ẹ̀wù yìí lọ́jọ́ náà? Èmi ni? Wọn ò tíì gbẹ́ mi nígbà yẹn." Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Kí ni ohun tí a fi ọwọ́ ara wa sọ, tí a wá ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e dé ibẹ̀?"

Ọdẹ́níyì kò lè mí. Ẹrù orí rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, igi ń tẹ̀ ẹ́ láyà.

Ó ní, "Iná."

"Máa bọ̀."

"Èmi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Ìdì imọ̀-ọ̀pẹ ni wọ́n fún mi mú. Olúọdẹ ní kí n tiná bọ àká tó wà lẹ́bàá ilé. Mo wo afẹ́fẹ́. Ọdẹ ni mí, mo mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Mo sọ iná sí i."

"Kò tíì tán."

"Ó tán."

"Kò tíì tán, Ọdẹ́níyì."

"Mo gbọ́ ikọ́. Kí iná tó mú òrùlé, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ nínú ilé. Mo sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ ni. Mo ti ṣọdẹ fún ogún ọdún, n kò tíì ṣi ikọ́ ewúrẹ́ gbọ́ rí. Mo mọ̀ pé ènìyàn ni. Mo sì sáré tẹ̀ lé àwọn yòókù, nítorí pé wọ́n ń sáré."

Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó sunkún. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí ó rí ni pé ẹrù orí rẹ̀ ti pín sí méjì. Ìdajì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rí i báyìí: ilé ńlá kan ni, ìjókòó ńlá kan, àti ẹnu kan tí ń pàṣẹ.

Ère ní, "Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn, ti Adéṣọkàn ni. Ó ti pẹ́ tí o ti ń bá a rù ú, òun sì ń sùn. Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tìrẹ ló wà lórí rẹ. N ò lè bá ọ gbé e, kò sì ní kúrò. Ṣùgbọ́n o lè rìn nísàlẹ̀ rẹ̀."

Lẹ́yìn èyí, ère náà di igi. Gbérí bọ́ sílẹ̀. Ọdẹ́níyì fi ṣe ìrọ̀rí, ó sùn níbẹ̀, ní ọ̀sán gangan, oorun àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iná. Nígbà tí òjò kẹta dé, lára òun fúnra rẹ̀ ni ó ti pa aṣọ náà.

Bí ìtàn yìí bá jẹ́ èyí tí ẹ ń retí, ibí yìí ni ìlú á ti fi ijó pàdé rẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé ló wọ Òkè-Ahun. Ó wọ gbérí. Àwọn kan sá, àwọn kan bo ojú ọmọ wọn. Baálẹ̀ nìkan ni kò mira. Ó kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Olúọdẹ ni ó rán sí i. Bánjókò sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọdẹ́níyì."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, orúkọ náà dùn lára rẹ̀ ju oyin lọ. Oṣù mẹ́ta ni kò ti gbọ́ ọ nínú ìlú bàbá rẹ̀.

"Ọdẹ́níyì, Baálẹ̀ ní kò le. O ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀. Òun á bi ọ́ bóyá orí rẹ ló dàrú lọ́jọ́ ọ̀ún, ìwọ á kàn mi orí lásán. A máa ṣe ètùtù, a máa dá ọ padà sínú ẹgbẹ́, Àwẹ̀ró á bọ́ aṣọ opó. Mo bẹ̀ ọ́. Èmi náà ò sùn láti ìgbà yẹn. Mi orí, ká lọ jẹun."

Ọdẹ́níyì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí. Ó mọ̀ pé òun náà ru ẹrù tí a kò rí. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mì.

Ó yíjú sí ìlú. Ó ní, "Orí mi pé lọ́jọ́ náà. Mẹ́fà ni wá. Èmi Ọdẹ́níyì ni mo tiná bọ àká tó wà lẹ́bàá ilé, mo sì gbọ́ ikọ́ bàbá náà. Lẹ́yìn mi ni kí ẹ tó ka Bánjókò. Lẹ́yìn gbogbo wa, ẹ ka ẹni tó rán wa." Ó tún dárúkọ àwọn mẹ́rin yòókù. Kò jókòó.

Baálẹ̀ ní, "Òkú kì í jẹ́rìí." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì wọlé. Gbogbo ìlú dìde, wọ́n lọ sí ilé wọn. Bánjókò ló lọ gbẹ̀yìn.

Kò sí ohun tí ó ṣe Adéṣọkàn. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n sọ pé àrá sán pa á. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, ní ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìgbà náà, ilẹ̀ Ẹlẹ́pàá ló sì mú iṣu tí wọ́n fi gúnyán òkú rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé Àwẹ̀ró bọ́ aṣọ opó, ó ká a dáadáa, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀. Ó ní ẹni tí ó kú ní ìlú náà, inú ilé yìí ni wọ́n ti máa rí i. Ó sì gba apá ọkọ rẹ̀ mú.

Baálẹ̀ ti lé àwọn ará Ẹlẹ́pàá kúrò. Tọkọtaya náà wá wọn lọ, wọ́n rí wọn ní orí ilẹ̀ olókùúta kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ. Ọyáfúnkẹ́ ń to ẹ̀bù iṣu. Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gbérí lọ́rùn, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ikọ́ náà sílẹ̀.

Ohun tí obìnrin náà bi í ni pé, "Ṣé ó pe orúkọ mi?"

Ọdẹ́níyì lè purọ́ níbẹ̀. Irọ́ náà ì bá dùn. Ó ní, "N kò gbọ́ ọ. Ikọ́ nìkan ni mo gbọ́."

Ọyáfúnkẹ́ padà sídìí ẹ̀bù rẹ̀.

Kò dárí jì í. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó jẹ́ kí Ọdẹ́níyì àti ìyàwó rẹ̀ kọ́ ahéré sí ìsàlẹ̀ òkè, kò sì jẹun nínú abọ́ wọn títí ó fi kú. Ẹrù Ọdẹ́níyì kò kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò lè dìde. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ó gbé ọkọ́ kọjá níwájú obìnrin náà, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o," bí ó ti máa ń sọ ọ́ láìretí nǹkan kan. Ọyáfúnkẹ́ kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ọdẹ́níyì."

Ọdẹ́níyì gbé ọkọ́ kalẹ̀.

Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo afẹ́fẹ́ kí a tó yìnbọn. Kì í ṣe òun ló sọ ìtàn yìí fún mi o. Ọyáfúnkẹ́ ló sọ ọ́, ìyá tó bí mi, nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí ó ń dá ọkùnrin náà lóhùn láràárọ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí ó parí, ó ní òun mọ bí ó ti rí kí ènìyàn máa ké pe ilé tó ń jó, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn.